Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tí ẹnì kan kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: ṣé kí ọmọ mi lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, ibẹ̀ la sì bí àwọn ọmọ wa sí. Wọ́n ti gba àkọ́bí wa obìnrin wọlé ní University of Texas ní Austin, inú gbogbo ilé sì ń dùn. Àfi bó ṣe dé lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ní Grinnell College ní Iowa lòun fẹ́ lọ. Mo bi àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún méjì, pé wọn kì í yan iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́ títí di ọdún kejì. Láti kékeré lọmọ yìí ti ń sọ pé dókítà lòun máa jẹ́. Owó ìrànwọ́ tí Grinnell fẹ́ fún un pọ̀ ju ti Texas lọ. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ṣé kì í ṣe pé à ń fi ọmọ sínú ọkọ̀ tí a kò mọ ibi tó ń lọ? *(Bàbá kan ní Houston)*

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò nílẹ̀, torí mo fura pé òun ló ń jẹ yín lọ́kàn jù.

Orúkọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà tí àwa Yorùbá máa ń dá mọ̀ kò pọ̀: Harvard, Yale, àti àwọn tí bọ́ọ̀lù wọn máa ń wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kì í ní bọ́ọ̀lù tí ayé ń wò, kì í sì í ní ilé ìwòsàn ńlá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, nítorí náà ìròyìn rẹ̀ kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, Macalester College ní Minnesota ni Kofi Annan ti gboyè ní 1961. Teju Cole, òǹkọ̀wé tó dàgbà ní Èkó, Kalamazoo College ní Michigan ló lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiodun kọ́ni ní Ifẹ̀ kó tó kọjá sí Amherst College ní Massachusetts, ibẹ̀ ló sì ti fi iṣẹ́ ọnà Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ tí wọn kò rí ère ìbejì rí láyé wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára irú ilé-ìwé tí ọmọ yín ń sọ. Àwọn tó máa ka ìwé rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn mọ Grinnell dáadáa. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló máa kà á.

Ìlú Grinnell wà láàárín gbùngbùn Iowa, lẹ́bàá títì márosẹ̀ I-80, nǹkan bíi wákàtí kan sí Des Moines. Àwọn tó ń gbé ìlú náà kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Oko àgbàdo àti sóyà ló yí i ká, ojú irin rélùwéè sì la inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kọjá. 1846 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1,700, gbogbo wọn ló sì ń wá oyè àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó ń ṣe másítà, kò sí ẹni tó ń ṣe ọ̀mọ̀wé. Ẹ má fojú kékeré wo gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, mo máa padà sí i.

Ní Austin, akẹ́kọ̀ọ́ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lọ. Kẹ́mísírì ọdún kìíní lè jẹ́ gbọ̀ngàn ńlá tó kún fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Ọmọ tó mọ̀wé lè jókòó sẹ́yìn, kó má lanu títí sáà fi parí, kó ṣe ìdánwò, kó gba A, kó sì lọ láìjẹ́ pé olùkọ́ mọ̀ ọ́n bó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Mi ò bú Austin o. Ilé-ìwé ńlá ni, ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń wá ènìyàn níbẹ̀ á rí wọn. Ṣùgbọ́n ní Grinnell, kò sí ibi tí èèyàn máa fara pamọ́ sí. Ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ yín nìyẹn, òun náà sì ni yóò kọ́kọ́ ni ín lára.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló jẹ́ dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Grinnell. Wọ́n ń pè é ní Tutorial, sáà àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń ṣe é. Ọmọ bíi méjìlá tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ yóò jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n kan, orí kókó kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà fúnra rẹ̀ yàn. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ogun, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ohun yòówù kó jẹ́, iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju kíkà, kíkọ àti sísọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn kan náà ló máa di olùbádámọ̀ràn ọmọ yín títí yóò fi yan ẹ̀ka tó fẹ́ gboyè nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí kọ́ọ̀sì tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fi ń de gbogbo èèyàn mọ́lẹ̀, àfi ohun tí ẹ̀ka tó bá yàn bá béèrè. Kírẹ́díìtì 124 lèèyàn nílò kó tó gboyè. Kọ́ọ̀sì tó pọ̀ jù lọ jẹ́ kírẹ́díìtì mẹ́rin, nítorí náà kọ́ọ̀sì mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń ṣe ní sáà kan.

Mẹ́rin péré, ẹ lè máa wí. Àwọn òbí máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ọ́, pàápàá àwọn tó ṣe kọ́ọ̀sì mẹ́wàá ní sáà kan ní Ìbàdàn tàbí Àkókà. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn lè béèrè pé kó ka ìwé kan tán láàárín ọ̀sẹ̀, kó kọ ojú ewé márùn-ún nípa rẹ̀, kó sì wá jiyàn lórí ohun tó kọ níwájú àwọn tó ti kà á. Bí kò bá ka ìwé náà, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé ni gbogbo tábìlì á ti mọ̀.

Ní ti pé wọn kì í yan ẹ̀ka títí di òpin ọdún kejì, òótọ́ ni, kò sì túmọ̀ sí pé ọmọ ń ṣeré kiri. Láti ọdún kìíní ló lè bẹ̀rẹ̀ àwọn kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tó nílò. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé bí ọkàn rẹ̀ bá yí, kò ní jókòó ṣe JAMB tuntun. Herbie Hancock, àgbà olórin jáàsì, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló bá dé Grinnell ní 1956. Ibẹ̀ ló ti yà sí orin, ó sì jáde ní 1960. (Mo mọ̀ pé ìtàn ọmọ tó fi iṣẹ́ ẹ́ńjíníà sílẹ̀ torí orin kì í fi bàbá Yorùbá kankan lọ́kàn balẹ̀. Ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí tó kàn.)

Ní 1948, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ físíìsì níbẹ̀, Robert Noyce, bá wọn jí ẹlẹ́dẹ̀ kan lóko àgbẹ̀ kan, wọ́n fẹ́ yan án níbi àríyá. Ní Iowa, tó jẹ́ pé ẹran ọ̀sìn ni wọ́n fi ń jẹun, èyí kì í ṣe eré rárá. Ọ̀rọ̀ náà lè gbé e dé kóòtù, ó sì lè lé e kúrò nílé-ìwé pátápátá. Ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì rẹ̀, Grant Gale, mọ irú orí tó wà lọ́rùn ọmọ náà, ó sì dìde láti bá a bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kó lọ sílé fún sáà kan. Lẹ́yìn náà ó padà wá. Gale kan náà mọ John Bardeen, ọ̀kan lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tíránsísítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń darí iná nínú ẹ̀rọ) ní ilé ìwádìí Bell Labs, ó sì tètè ń wá ohun tó lè fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nípa rẹ̀. Báyìí ni àwọn ọmọ físíìsì inú ìlú àgbàdo ṣe tètè gbọ́ nípa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Noyce gboyè ní 1949, ó wà lára àwọn tó ṣẹ̀dá ṣíìpù tó wà nínú gbogbo fóònù òde òní, ó sì wà lára àwọn méjì tó dá Intel, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ ní 1968. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì Grinnell lónìí. Níbi tí olùkọ́ kò ti mọ ọmọ lójú mọ́jú, ta ni ìbá bá a bẹ̀bẹ̀?

Ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá wọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Bí wọ́n tilẹ̀ bí ọmọ yín sí Houston, mo mọ̀ pé ẹ ti kọ́ ọ pé a kì í já àgbà lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ dáadáa ni. Ní kíláàsì kékeré, ó lè pa á lára. Sísọ̀rọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń fún ní máàkì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan lè ní kí wọ́n máa pe òun ní orúkọ tí bàbá òun sọ òun, kó wá sọ ohun tí kò tọ̀nà, kó máa wò bóyá ẹnì kan máa sọ fún un. Ọmọ tó dákẹ́ torí ọ̀wọ̀, wọ́n á rò pé kò kàwé ni. Ẹ sọ fún un kó tó lọ pé àyè gbà á láti ta ko olùkọ́, kó fi ojú ewé ìwé gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kó má ṣe gbé ohùn sókè. Bí ó bá ti ẹnu yín jáde, á wọ̀ ọ́ létí ju bí òyìnbó bá sọ ọ́.

Òmíràn ni wákàtí tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá bá a ní ọ́fíìsì. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí tíṣà bá pè sí ọ́fíìsì ti ríjà. Nítorí èyí, àwọn ọmọ wa tó ń gba A kì í lọ, wọ́n rò pé àwọn tó ti fìdí rẹmi ló wà fún. Àdánù ńlá ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ọmọ. Ibẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń sọ pé, "Mo ní iṣẹ́ kan ní láàbù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣé wàá wá?" Ní yunifásítì ńlá, irú iṣẹ́ ìwádìí bẹ́ẹ̀, ọmọ másítà àti ti ọ̀mọ̀wé ló kọ́kọ́ ń bù ú. Ní Grinnell, kò sí wọn, mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà ọwọ́ ọmọ ogún ọdún ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbé e lé. Ìdí kan nìyẹn tí Grinnell, Swarthmore, Reed, Carleton àti irú wọn fi ń mú àwọn tó ń di ọ̀mọ̀wé jáde lọ́pọ̀ yanturu, bí a bá fi iye akẹ́kọ̀ọ́ wọn wò ó.

Kí n má tan yín, sáà àkọ́kọ́ máa ń dun àwọn tó ti jẹ́ olórí kíláàsì láti jẹ́lé-ó-sinmi. Aròkọ àkọ́kọ́ lè padà wá pẹ̀lú C, kí etí ìwé kún fún ìbéèrè: ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Báwo lo ṣe mọ̀? Ọmọ á pè yín lálẹ́ pẹ̀lú ẹkún. Ẹ má sọ fún un pé ó ti ń ṣeré jù. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nípa ìwé kíkọ, ọmọ tó mọ̀wé náà sì ń lọ síbẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ti lọ.

Ẹ má sì retí káàdì èsì nínú lẹ́tà. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, bí ọmọ bá ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló ni èsì ìdánwò rẹ̀. Ní gbogbogbòò, ilé-ìwé kì í fi ránṣẹ́ sí òbí láìjẹ́ pé ọmọ fọwọ́ sí i. Ẹ jọ sọ ọ́ báyìí, kí ẹ tó sanwó, ohun tí yóò máa fi hàn yín àti ìgbà tí yóò máa fi hàn yín.

Ìṣègùn wá ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé lórílẹ̀-èdè yìí, lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n ń lọ kọ́ ọ, fún ọdún mẹ́rin. Kò sí ẹ̀ka kan pàtó tó gbọ́dọ̀ yàn. Ohun tí wọ́n ń wò ni kó ti ṣe bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì (títí kan organic chemistry, tí kò mojú ẹnikẹ́ni), físíìsì, sábà pẹ̀lú bàókẹ́mísírì àti ìṣirò, kó ṣe MCAT, ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, dáadáa, kó ní lẹ́tà ìjẹ́rìí láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n, kó sì ti wà láàárín àwọn aláìsàn. Grinnell ní gbogbo rẹ̀ àfi èyí tó kẹ́yìn. Ìlú náà ní ilé ìwòsàn kékeré, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà ní Iowa City, tó lé ní wákàtí kan. Ibi tí ẹ̀yin ti wúlò nìyẹn. Inú ìlú yín ni Texas Medical Center wà, kò sì sí ibi tí ilé ìwòsàn pọ̀ jọ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Kó máa fi ẹ̀ẹ̀rùn kan síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kejì sí láàbù ní Grinnell.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí ní Texas kò mọ̀. Òfin ìpínlẹ̀ yín kò jẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba gba àwọn àjèjì ìpínlẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ọmọ onílé. Bí ọmọ bá lọ kàwé ní Iowa, tí òbí tó ń bọ́ ọ ṣì ń gbé Texas, ní gbogbogbòò ará Texas ló ṣì jẹ́ lójú wọn. Nítorí náà, kí ó má lọ yí ìwé ìdìbò àti láísẹ́ǹsì ọkọ̀ rẹ̀ sí Iowa nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó. Iye tí wọ́n kọ sójú ìwé ju $80,000 lọ lọ́dún, oúnjẹ àti ibùgbé wà nínú rẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá san gbogbo rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lówó nípamọ́ tó ju bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ (Warren Buffett, gbajúmọ̀ olówó tó ń fi owó pa owó, wà lára àwọn alábòójútó wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fowó sí Intel nígbà tó ṣì kéré, torí Noyce), nítorí náà wọ́n ń ṣèlérí láti dí gbogbo àlàfo tí ìṣirò wọn bá fi hàn pé agbára òbí kò ká. Láti 2021 ni wọ́n ti fi owó ọ̀fẹ́ rọ́pò ẹ̀yáwó nínú ìrànwọ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Ẹ ka lẹ́tà tiwọn àti ti Austin pọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan: èwo ni ọ̀fẹ́, èwo ni ẹ̀yáwó, èwo ni owó iṣẹ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gbà á. Ẹ̀yin ló máa kún fọ́ọ̀mù náà lọ́dọọdún, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ sì fi owó ọkọ̀ òfuurufú àti kóòtù òtútù gidi kún un. Òtútù Iowa kì í ṣe ti Houston tó ń mú kí wọ́n ti ilé-ìwé pa fún ọjọ́ méjì.

Àwọn òbí tó wà ní Nàìjíríà tó ń ka èyí, ẹ má fi ti bàbá yìí ṣe ìwọ̀n. Fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, owó tí òbí lè san wà lára ohun tí Grinnell ń wò kí wọ́n tó gbà á, ìdíje ibẹ̀ sì le. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà kì í gba ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú rárá. Ọmọ tó fẹ́ di dókítà ní kíá, Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ yá ju èyí lọ.

Ìgbésí ayé ibẹ̀ ńkọ́? Inú ọgbà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń gbé, wọn kì í ní fraternity àti sorority (ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tí wọ́n ń yan ẹni tó ń wọ̀ ọ́), iyàrá ìjẹun kan náà ni gbogbo èèyàn ń lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, kò sì ní jẹ́ òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n kò ní rí Houston níbẹ̀. Kò sí ilé ìjọsìn Yorùbá lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Bí ó bá fẹ́ di irun tàbí ra ẹ̀lùbọ́, ó di Des Moines, ó sì gbọ́dọ̀ wá ẹni tó ní mọ́tò. Bí òun àti ọ̀rẹ́ bá jà lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á jọ jókòó ní kíláàsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ọmọ kan wà tí èyí ń há mọ́. Èyí tó fẹ́ kọ́ nọ́ọ̀sì, ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ epo rọ̀bì kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀, kọ́ọ̀sì tó fẹ́ gan-an sì lè jẹ́ ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ tèmi, tó fẹ́ràn kíkà, tó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló wá ibẹ̀ rí, mo máa jẹ́ kó lọ, bí owó tó wà nínú lẹ́tà yẹn bá jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń sá fún ogunlọ́gọ̀ torí ìtìjú, màá kọ́kọ́ ronú lẹ́ẹ̀mejì, torí ìtìjú kò ní ibi ìsádi níbẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ní kí ọmọ fèsì. Kó tó di ìgbà náà, ẹ jẹ́ kó lọ wò ó, kó sùn síbẹ̀ lóru kan bí wọ́n bá gbà, kó jókòó sí kíláàsì bàọ́lọ́jì kan. Kó bi akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn pé, "Olùkọ́ wo ló máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ọ?" Kó bi àwọn bíi mẹ́ta. Kó lọ bi wọ́n ní Austin náà. Kó kọ orúkọ tí wọ́n bá dá sílẹ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó dá a.